Bí okùn ṣe ń gorí igi ṣáájú ẹni tó fẹ́ gùn ún

Ẹni tó bá wo fídíò àwọn tó ń fi okùn gun igi ńláńlá fún ìgbádùn á rí wọn lókè níbi tí wọ́n ti ń rọ̀ dirodiro lábẹ́ ẹ̀ka, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín, tí wọ́n ń ya fọ́tò. Ohun tí fídíò kì í sábà fi hàn ni bí okùn náà ṣe débẹ̀. Ẹ̀ka tí wọ́n rọ̀ mọ́ lè ga tó ilé alájà márùn-ún, ìdí igi náà sì lè fẹ̀ débi pé apá ènìyàn mẹ́ta kò ní ká a. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ gùn ún lọ so okùn, kí wá ni ẹni náà fi gùn ún?

Kò sẹ́ni tó gùn ún lọ. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ṣe é. Wọ́n mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n so àpò kékeré tó wúwo mọ́ orí rẹ̀, wọ́n ju àpò náà kọjá lórí ẹ̀ka tí wọ́n yàn. Àpò já bọ́ sílẹ̀ ní òdìkejì, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sì tẹ̀ lé e. Wọ́n tú àpò kúrò, wọ́n so okùn gidi, èyí tó lè gbé ènìyàn, mọ́ okùn tẹ́ẹ́rẹ́, wọ́n wá ń fà á láti apá kejì títí okùn gidi fi gòkè, tó kọjá lórí ẹ̀ka, tó sì sọ̀ kalẹ̀ padà sọ́wọ́ wọn. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ gbé ènìyàn rárá. Ọ̀nà ló lọ là fún okùn tó nípọn.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó bá gbọ́ èyí á rò pé agbára apá ni gbogbo rẹ̀, pé ẹni tó bá lè sọ òkò jìnnà ló máa mọ̀ ọ́n ṣe. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Jíjù ló kéré jù nínú iṣẹ́ yìí. Ohun tó gba ọgbọ́n ni kí okùn jókòó sórí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́ gan-an, níbi tó súnmọ́ ara igi, láì gba orí ẹ̀ka gbígbẹ kankan kọjá. Àpò lè fò kọjá lórí ẹ̀ka tó ga jù lọ, kí gbogbo ẹni tó ń wòran pàtẹ́wọ́, kí ó má sì wúlò fún ohunkóhun, nítorí pé ọ̀nà tí okùn tọ̀ láàrin àwọn ẹ̀ka kò dára.

Nílẹ̀ wa, akọpẹ àti adẹ́mu kò nílò irú èyí, torí pé ọ̀pẹ kò lẹ́ka. Igbà ni wọ́n ń dì yí ara ọ̀pẹ àti ìbàdí wọn ká, wọ́n á sì máa tì í sókè bí wọ́n ṣe ń gbé ẹsẹ̀. Igi ńlá tó lẹ́ka kò gba igbà: ìdí rẹ̀ fẹ̀ jù, ẹ̀ka àkọ́kọ́ sì máa dí igbà lọ́nà. Àwọn agégi kan máa ń wọ irin ẹlẹ́nu ṣóńṣó mọ́ bàtà kí wọ́n lè gun irú igi bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n irin yẹn ń dá egbò sára igi, ibi tí egbò bá sì wà ni àrùn ń gbà wọlé. Igi tí wọ́n fẹ́ gé lulẹ̀ nìyẹn wà fún. Ẹni tó fẹ́ràn igi, tó sì fẹ́ padà wá gùn ún lọ́dún tó ń bọ̀, okùn ló máa lò.

Ìlú Atlanta ní ìpínlẹ̀ Georgia, ní Amẹ́ríkà, ni wọ́n ti sọ gígun igi pẹ̀lú okùn di eré ìdárayá tí wọ́n ń kọ́ àwọn aráàlú. Ọdún 1983 ni Peter Jenkins, tó ti ń gun àpáta tẹ́lẹ̀ kí ó tó di atọ́jú igi, dá ẹgbẹ́ Tree Climbers International sílẹ̀ níbẹ̀. Irinṣẹ́ àti ọgbọ́n tí àwọn atọ́jú igi ń lò lẹ́nu iṣẹ́ ló mú wá fún ẹni tó kàn fẹ́ jókòó sórí igi kí ó gba afẹ́fẹ́. Láàrin àwọn atọ́jú igi fúnra wọn, jíju okùn tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ ẹ̀ka kan tó dá dúró nínú ìdíje àgbáyé tí ẹgbẹ́ wọn, International Society of Arboriculture, máa ń ṣe.

Ẹ jẹ́ ká wo irinṣẹ́ náà. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ yìí nípọn tó nǹkan bíi mílímítà 2, ó sì gùn láti mítà 45 dé 60, torí pé ó ní láti lọ sókè, kí ó tún sọ̀ kalẹ̀, kí ó sì ṣẹ́kù sílẹ̀ díẹ̀. Ó ń yọ̀, kì í fà bí rọ́bà púpọ̀, àwọ̀ rẹ̀ sì máa ń mọ́lẹ̀ yòò, pupa rẹ́súrẹ́sú tàbí òféèfé tó ń tàn, kí ojú lè rí i láàrin ewé. Àpò náà rí róbótó sí gígùn, kò ní igun tó lè há, òrùka kékeré wà lórí rẹ̀, ọta òjé tàbí ọta irin ló wà nínú rẹ̀. Ìwúwo rẹ̀ máa ń wà láàrin gíráàmù 225 sí 450. Èyí tó wà láàrin, bíi gíráàmù 340, ni èmi fẹ́ràn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Kí ló dé tí ìwúwo àpò fi ṣe pàtàkì? Àpò fífúyẹ́ rọrùn láti jù, ó sì lè lọ sókè dáadáa, ṣùgbọ́n nígbà tó bá kọjá lórí ẹ̀ka tán, òun ló ní láti fa okùn tó kù gba orí èèpo igi kọjá kí ó tó lè balẹ̀. Èèpo igi óákù (oak), igi líle kan tó wà ní Georgia, rí ṣákaṣàka, ó ń di okùn mú. Bí okùn bá kan ẹ̀ka kan ṣoṣo, àpò á máa sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá kan ẹ̀ka méjì, kì í ṣe pé ìdíwọ́ náà kàn lé díẹ̀ ni. Ṣe ló ń di ìlọ́po, torí pé ẹ̀ka kejì ń dí ohun tí ẹ̀ka kìíní ti dí tẹ́lẹ̀ lọ́wọ́. Ìdí nìyẹn tí àpò fi máa ń rọ̀ sókè tí kò ní fẹ́ wá sílẹ̀ mọ́ nígbà tí okùn bá gba orí ẹ̀ka mẹ́ta. Àpò tó wúwo á bọ́, àmọ́ ó ṣòro láti jù sókè. Ẹni tó ń ṣe é dáadáa máa ń ní ju ẹyọ kan lọ.

Ohun kan tún wà tí àwọn ènìyàn kì í ka sí: àpótí okùn. Aṣọ ni wọ́n fi ṣe é, ó ṣeé pa pọ̀, ó ní igun mẹ́rin, ẹnu rẹ̀ sì fẹ̀. Ẹ kò ní ká okùn sínú rẹ̀. Ẹ kàn máa dà á sínú rẹ̀ bó ṣe ń bọ̀, ní ọwọ́ kan tẹ̀ lé òmíràn. Tí ẹ bá ju àpò, okùn á máa jáde láìdí kókó. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ lórí koríko, gbogbo ẹ̀ka wẹ́wẹ́ àti ewé gbígbẹ ló máa di mọ́ ọn, àpò á sì dúró lójijì ní àárín ọ̀nà. Bí kò bá sí àpótí, tapólì tí a tẹ́ sílẹ̀ tó.

Kí ẹnikẹ́ni tó ju nǹkan kan, ojú ló ní láti kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Igi gànnàngànnàn má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó, àwọn àgbà ti wí, ọ̀rọ̀ náà sì bá igi gidi mu níbí. Ẹ rìn jìnnà sí i débi tí ẹ ti máa rí gbogbo rẹ̀ láti ìdí dé téńté. Ẹ yí i po. Ṣé wáyà iná kọjá nítòsí rẹ̀? Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi igi náà sílẹ̀, ẹ wá òmíràn. Kò sí ọgbọ́n kankan tó lè borí ìyẹn, pàápàá nígbà tí okùn bá tutù. Ṣé olú ń hù ní ìdí rẹ̀ tàbí lára rẹ̀? Olú lára igi sábà máa ń jẹ́ àmì pé inú igi ti ń jẹrà. Ṣé ilé agbọ́n tàbí ihò oyin wà níbẹ̀? Ṣé ẹ̀ka tó ti kán wà tó kàn há sórí òmíràn, tó ń dúró de ẹni tó máa fọwọ́ kàn án? Irú ẹ̀ka bẹ́ẹ̀ ti pa agégi rí, òun sì ni àpò òjé lè já bọ́ lulẹ̀ jù.

Lẹ́yìn èyí, ẹ yan ẹ̀ka. Kí ó wà láàyè. Ní ìgbà òtútù, gbogbo igi óákù funfun ní Georgia ló máa ń wà níhòòhò, nítorí náà àìsí ewé nìkan kò lè sọ fún yín pé ẹ̀ka ti kú. Ẹ wò ó bóyá èèpo rẹ̀ ti ń ṣí kúrò, bóyá àwọn ọ̀mùnú kékeré wà lórí ẹ̀ka wẹ́wẹ́ rẹ̀. Awò tí a fi ń wo ọ̀nà jíjìn wúlò gan-an níbí. Ní ti ìnípọn, sẹ̀ǹtímítà 15 níbi tí okùn máa jókòó sí ni mo kà sí ìbẹ̀rẹ̀ fún igi líle bíi óákù. Igi tí ẹ̀ka rẹ̀ máa ń tètè kán, bíi willow àti poplar, nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ, bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ gùn ún. Ibi tí okùn yóò jókòó sí ní láti súnmọ́ ara igi. Bí ó bá jìnnà sí ara igi, ìwúwo kan náà á máa fi agbára tó pọ̀ sí i tẹ ẹ̀ka láti orísun rẹ̀, á sì máa mì lábẹ́ ẹni tó rọ̀ mọ́ ọn.

Ẹ tún wo bí ẹ̀ka náà ṣe yà. Pàlàkà tó fẹ̀ nísàlẹ̀ dára, okùn á jókòó síbẹ̀, á sì lè rìn. Èyí tó há nísàlẹ̀, tí ẹ̀ka méjì fún mọ́ra, ń di okùn mú. Nígbà mìíràn ó sì jẹ́ ibi tí èèpo ti wọ àárín ẹ̀ka méjèèjì, tí wọn kò lẹ̀ mọ́ra dáadáa, tó jẹ́ pé ibẹ̀ gan-an ni igi máa ń ya sí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ju àpò pọ̀, ṣùgbọ́n méjì ni ẹ máa rí jù.

Èkíní ni ọlọ́wọ́ kan. Ẹ di okùn mú kí àpò rọ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀, kí ó má kan ilẹ̀. Ẹ máa fì í síwájú sẹ́yìn ní ẹ̀gbẹ́ ara yín, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, láìkánjú, kí ẹ tó jẹ́ kí ó lọ. Ọ̀nà yìí yá, ó sì dára fún ẹ̀ka tí kò ga púpọ̀, àmọ́ ọwọ́ kan máa ń yí sọ́tùn-ún tàbí sósì, àpò á sì tẹ̀ lé e.

Èkejì ni ọlọ́wọ́ méjì, òun ni mo máa ń gba ẹni tuntun nímọ̀ràn pé kó kọ́kọ́ kọ́. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti so okùn mọ́ òrùka àpò, ẹ mú okùn náà ní nǹkan bíi gígùn apá kan sókè, ẹ ṣẹ́ ẹ po, ẹ ti ibi tí ẹ ṣẹ́ po náà gba inú òrùka kọjá, kí ẹ sì fi ọwọ́ méjèèjì di ohun tó yọ jáde mú. Àpò á wá rọ̀ láàrin ẹsẹ̀ yín lórí okùn ìlọ́po méjì. Ẹ ya ẹsẹ̀ díẹ̀, ẹ kojú sí ẹ̀ka, ẹ tẹ orúnkún. Ẹ fì í gba àárín ẹsẹ̀ lọ sẹ́yìn, kí ó padà wá síwájú, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀kejì. Ní ìgbà tó kẹ́yìn, ẹ fi orúnkún àti ìbàdí gbé e dìde, kí ẹ sì la ọwọ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Ibi tí ẹ ṣẹ́ po yóò yọ kúrò nínú òrùka fúnra rẹ̀, àpò á sì máa fa okùn lọ. Nítorí pé ọwọ́ méjèèjì ń fà á bákan náà, àpò kì í sábà yà sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ìgbà tí ẹ bá la ọwọ́ ló ń pinnu ibi tí àpò máa lọ. Bí ẹ bá tètè là á, á lọ tààrà síwájú, kò ní ga, á sì lu ara igi. Bí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó là á, á gba orí yín lọ sẹ́yìn, ìyẹn sì léwu. Ẹ jẹ́ kí ó lọ nígbà tí apá yín bá ń nà sí ìhà ẹ̀ka náà. Má wo ẹ̀ka fúnra rẹ̀: èyí ni ohun tí olùkọ́ máa ń tún sọ fún ọmọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ títí. Ohun tí ojú bá tẹjú mọ́ ni àpò máa lọ bá, ẹ̀ka kọ́ ni ẹ sì fẹ́ lù. Òfìfo tó wà lókè rẹ̀ ni ẹ fẹ́ kí àpò gbà. Ẹ wo òfìfo yẹn.

Kí ó tó lè dé mítà 15, àpò ní láti kúrò lọ́wọ́ yín pẹ̀lú eré tó súnmọ́ kìlómítà 60 ní wákàtí kan. Bí ó bá sì já bọ́ láti ibẹ̀ láìsí okùn tó ń dá a dúró, eré bẹ́ẹ̀ náà ló máa fi balẹ̀. Gíráàmù 340 òjé tó ń bọ̀ lórí ènìyàn pẹ̀lú eré ọkọ̀ kì í ṣe ohun tí a lè fi ṣeré. Nítorí náà, akoto wà lórí gbogbo ẹni tó wà nítòsí, awò ààbò wà lójú ẹni tó ń jù, wọ́n sì máa ń pariwo kí wọ́n tó jù ú kí gbogbo ènìyàn lè kúrò lábẹ́ igi. Ẹni tó bá wà ní òdìkejì, tó ń ya fídíò, ni mo máa ń kọ́kọ́ wá lójú, torí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ gan-an ni àpò ń lọ.

Fún ẹ̀ka tó ga ju èyí tí ọwọ́ lè dé, irinṣẹ́ kan wà tó dà bí rọ́bà tí àwọn ọmọdé fi ń ta ẹyẹ, ṣùgbọ́n tí wọ́n gbé sórí ọ̀pá gígùn bíi mítà 2.4. Wọ́n á gbé ìdí ọ̀pá lé ilẹ̀, wọ́n á fa rọ́bà wálẹ̀, àpò á sì lọ kọjá mítà 30. Àwọn igi redwood ní etíkun California ga ju ìyẹn náà lọ. Èyí tó ga jù lọ nínú wọn, Hyperion, ju mítà 115 lọ, ẹ̀ka tó kọ́kọ́ yọ lára irú igi bẹ́ẹ̀ sì lè ga ju ilé alájà mẹ́wàá lọ. Ọfà ni Steve Sillett àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì mìíràn tó ń ṣèwádìí lórí wọn ń ta, pẹ̀lú okùn ìpẹja lẹ́yìn rẹ̀. Okùn ìpẹja á fa okùn tẹ́ẹ́rẹ́, okùn tẹ́ẹ́rẹ́ á fa okùn gidi. Ọgbọ́n kan náà ni, ìpele rẹ̀ ló pọ̀ sí i.

Ó wá ku ohun tó ń da ọ̀pọ̀ ènìyàn láàmú jù. Àpò ti kọjá, ó ti balẹ̀, inú ẹni tó jù ú sì dùn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wòkè dáadáa, okùn kò gba orí ẹ̀ka kan ṣoṣo. Ó gba orí ẹ̀ka tí ẹ fẹ́, ó tún gba orí méjì mìíràn tó wà níwájú rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì ti gbẹ. Kí ni kí ẹ ṣe?

Ìdáhùn náà wà lọ́wọ́ ọ̀nà tí ẹ fẹ́ fi gùn ún, torí pé ọ̀nà méjì ló wà. Nínú ọ̀nà àtijọ́, èyí tí wọ́n ń kọ́ ẹni tuntun jù, okùn gidi máa ń rìn lórí ẹ̀ka bí ẹ ṣe ń gùn. Orí okùn kan wà lára ìgbànú yín, ó gòkè, ó kọjá lórí ẹ̀ka, ó sọ̀ kalẹ̀ padà sọ́dọ̀ yín, níbi tí kókó kan tó ń rìn tó sì ń di ara rẹ̀ mú ti so yín mọ́ ọn. Kí ẹ tó lè gòkè ní mítà kan, mítà 2 okùn ni ẹ máa fà. Irú okùn bẹ́ẹ̀ kò lè rìn bí ó bá gba orí ẹ̀ka mẹ́ta. Ìdíwọ́ á pọ̀ jù. Nítorí náà, ẹ̀ka kan ṣoṣo ni okùn gbọdọ̀ kàn.

Nínú ọ̀nà kejì, okùn kì í rìn. Wọ́n so ìdí rẹ̀ kan mọ́ ìdí igi, ó gòkè, ó kọjá, ó rọ̀ sílẹ̀ ní òdìkejì, ẹni tó ń gùn ún á sì fi irin tó ń di okùn mú gun apá tó rọ̀ náà bí ẹni gun àtẹ̀gùn. Níbí, kò burú bí okùn bá gba orí ẹ̀ka alààyè mélòó kan tó lágbára. Wọ́n á pín ìwúwo náà láàrin ara wọn, bí ọ̀kan bá sì kán, òmíràn lè mú okùn dúró. Àmọ́ ohun kan wà tí kò hàn sójú tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tó ń lo ọ̀nà yìí mọ̀. Bí ẹni tó wúwo tó kílò 80 bá rọ̀ sí apá kan okùn, apá kejì tó so mọ́ ìdí igi náà gbọ́dọ̀ fa ẹ̀ka sísàlẹ̀ pẹ̀lú agbára tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kí ẹni náà má baà já bọ́. Ẹ̀ka wá ń gbé ohun tó súnmọ́ kílò 160. Nínú ọ̀nà àkọ́kọ́, kílò 80 yẹn nìkan ló ń gbé, nítorí pé apá okùn méjèèjì rọ̀ mọ́ ènìyàn kan náà, wọ́n sì pín ìwúwo rẹ̀. Mo ti rí ẹni tó gbọ́n tó jiyàn lórí èyí títí tí ó fi rọ òṣùwọ̀n mọ́ ẹ̀ka kékeré nínú ọgbà rẹ̀. Bí ẹ bá so ìdí okùn mọ́lẹ̀, ẹ yan ẹ̀ka tó lágbára ju èyí tí ẹ rò pé ó tó lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe ń yọ okùn kúrò lórí àwọn ẹ̀ka tí wọn kò fẹ́? Ohun àkọ́kọ́ tó ń wá sọ́kàn ni kí a fa àpò padà kí a sì tún un jù. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ bí àpò bá ti balẹ̀. Ẹ tú àpò kúrò kí ẹ tó fa okùn padà, torí pé okùn lásán á yọ̀ gba àárín ẹ̀ka láìhá, nígbà tí òrùka àti kókó àpò máa wọ inú pàlàkà àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé, wọ́n á sì dúró síbẹ̀.

Ọ̀nà tó dára jù lọ ni àpò méjì. Ẹ fi àpò kan sílẹ̀ ní orí tó ti balẹ̀, ẹ so àpò kejì mọ́ orí kejì okùn kan náà. Ní báyìí, ìwúwo wà ní ìhà méjèèjì, ẹ sì lè darí okùn láti ibikíbi. Ká ní okùn gba orí ẹ̀ka gbígbẹ kan tó wà níwájú ẹ̀ka tí ẹ fẹ́. Ẹ lọ sí òdìkejì, ẹ rọra fa okùn títí àpò tó wà níwájú á fi gòkè, tó máa kọjá lórí ẹ̀ka gbígbẹ náà, tí á sì rọ̀ sáàrin òun àti ẹ̀ka tí ẹ fẹ́. Níbẹ̀, ẹ dáwọ́ dúró. Ẹ dẹ okùn, ẹ sì jẹ́ kí àpò sọ̀ kalẹ̀. Ó ti kúrò lórí ẹ̀ka gbígbẹ nìyẹn. Bí ẹ̀ka kan bá wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀, ẹ mi okùn sọ́tùn-ún sósì kí àpò bẹ̀rẹ̀ sí í fì, kí ẹ sì dẹ̀ ẹ́ ní àkókò tó bá fì dé ibi tí ẹ fẹ́. Iṣẹ́ yìí gba sùúrù, ó sì dùn mọ́ mi ju jíjù lọ. Ibẹ̀ ni ènìyàn ti ń mọ bí igi náà ṣe to ẹ̀ka rẹ̀.

Bí àpò bá rọ̀ lókè tí kò sọ̀ kalẹ̀, ẹ mi okùn sókè-sódò kí ìgbì kan máa gba ara rẹ̀ lọ dé orí ẹ̀ka. Ìgbì náà á gbé okùn kúrò lórí èèpo fún ìṣẹ́jú àáyá kan, àpò á sì jèrè díẹ̀. Ẹ tún un ṣe. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan báyìí, ó ti dé ilẹ̀.

Bí ó bá há pátápátá ńkọ́? Ibí yìí ni ojú ti ń bàjẹ́, mo sì fẹ́ kí ẹ fetí sí i dáadáa. Okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹ bá fà títí ń di bí ọrun tí a fà. Bí àpò bá já kúrò lójijì, ọ̀dọ̀ ẹni tó ń fà á ló máa gbà wá. Ẹ má ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀ tààrà kí ẹ gbójú sókè. Ẹ má ṣe wé okùn mọ́ ọwọ́, torí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ débi pé ó lè ge ẹran ara. Ẹ wé e mọ́ igi tó nípọn bí ọwọ́ ọkọ́, kí ẹ fi ìyẹn fà á. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ yíjú kúrò. Kí ó tó di èyí, ẹ kọ́kọ́ dẹ okùn, ẹ rìn lọ sí ìhà mìíràn, ẹ fà á láti ibẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ọ̀nà tó gbà wọlé ló máa gbà jáde. Ìdí tí àwọn kan fi ń so àpò ní kókó tó lè yọ fúnra rẹ̀ nìyí: bí wọ́n bá fà á le, àpò á kù sókè, okùn á padà wá. Àpò òjé kan kò wọ́n tó ojú.

Nígbà tí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ bá ti wà níbi tí ẹ fẹ́, fífa okùn gidi gòkè kì í pẹ́. Okùn ìgungi máa ń nípọn tó mílímítà 11 sí 13. Ẹ so okùn tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn láti ibi díẹ̀ sísàlẹ̀ orí rẹ̀, kí ẹ sì máa fi ojóbó kéékèèké dì í lọ dé ṣóńṣó orí, kí orí okùn lè wọ pàlàkà láìkọsẹ̀. Kí ẹ tó fà á, ẹ ti okùn gidi gba inú ọ̀pá awọ oníhò kan tó máa lọ jókòó sórí ẹ̀ka. Awọ yìí ló ń jẹ́ kí okùn má bó èèpo igi bí ó ṣe ń lọ tó ń bọ̀, ó sì ń jẹ́ kí okùn fúnra rẹ̀ pẹ́ láyé. Ibi tí okùn bá ti bó èèpo títí tó fi dé awọ tútù tó wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀ka náà lè bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti ibẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, ènìyàn méjì á rọ̀ mọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa fò díẹ̀díẹ̀, ẹni kẹta á dúró lọ́ọ̀ọ́kán, á máa wo ẹ̀ka, á sì máa fetí sílẹ̀. Bí igi bá dún, bí ẹ̀ka bá tẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ, bí okùn bá yí kúrò ní ààyè rẹ̀, wọ́n á fà á wálẹ̀, wọ́n á wá ẹ̀ka mìíràn. Ìdánwò yìí kì í rọ́pò ojú tí a fi wo igi lákọ̀ọ́kọ́, ó kàn tẹ̀ lé e ni. Ìdánwò yìí kò sì túmọ̀ sí pé ẹni tó ka àlàyé yìí lè lọ gun igi lọ́la. Bí a ṣe ń so kókó tó ń gbé ènìyàn, ẹni tó mọ̀ ọ́n ló gbọdọ̀ fi ọwọ́ kọ́ yín, ní ìdúró lórí ilẹ̀, kí ẹ tó gòkè. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni igi, torí pé ọ̀pọ̀ ọgbà ìjọba ló ní òfin lórí gígun igi.

Bí ẹ bá gùn ún tán tí ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ tú gbogbo kókó tó wà lára okùn kí ẹ tó fà á wálẹ̀, títí kan èyí tó kéré jù. Ẹ má fi okùn tẹ́ẹ́rẹ́ sílẹ̀ lórí igi di ọjọ́ kejì. Ọmọdé lè wá fi ṣeré, ẹyẹ sì lè há sínú rẹ̀. Bí ó bá tutù, ẹ nà án síbi afẹ́fẹ́ títí tó máa fi gbẹ, kí ẹ tó dà á padà sínú àpótí rẹ̀, pẹ̀lú àpò òjé lókè.